Ihò Tó Ń Súfèé

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dojú bolẹ̀ lórí àjà, láàárín igi òrùlé méjì. Ó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti òwú sínú gbogbo àlàfo tó bá kàn. Kì í ṣe òwú tí wọ́n fi ń rán aṣọ. Òwú àjà ni, ó nípọn bí ìrọ̀rí, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti má jẹ́ kí ooru inú ilé gba òrùlé sá lọ. Ó ń yún ènìyàn bíi wèrèpè. Obìnrin náà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi aṣọ di imú, síbẹ̀ ọrùn ń jó o, kò sì ráyè họ ọ́. Àlàfo tí òun bá fojú fò, fáànù yóò rí i.

“Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́!” Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè é láti ìsàlẹ̀. “Ṣé ẹ ṣì wà láyé, àbí eku àjà ti fi yín ṣaya?”

“Eku tó bá fẹ́ mi á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wá tọrọ mi lọ́wọ́ ọkọ rẹ.”

“Ọkọ mi kẹ̀? Á ní kí eku bá òun ṣa gbogbo ìṣó tó bọ́ sílẹ̀ lórí àjà kó tó fún un lésì.”

Ìyàwó yìí ló sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ọjọ́ tó wọ ilé wọn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí òbí sọ ọ́ lọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni, ibi tí ológbò bá gbà, òun náà á gbà á. Ìyẹn ló mú kí iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibi tí ilé bá ti ń jò ló máa ń wá kiri, á sì dí i. Kì í ṣe òjò ni jíjò tí à ń wí o. Afẹ́fẹ́ ni: òtútù tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ooru tó ń gba òkè jáde, iná tí wọ́n rà lówó iyebíye tó ń lọ gbóná fún àwọn ẹyẹ ojú ọ̀run.

Òun náà ló kọ́kọ́ mú ìròyìn owó ìrànwọ́ wá sínú ilé yìí. Ìjọba ya owó kan sọ́tọ̀ pé ẹni tó bá pààrọ̀ fèrèsé rẹ̀ sí onígíláàsì méjì, tó fi òwú sí àjà, tó sì dí ibi tó ń jò, wọ́n á dá ìdajì gbogbo ohun tó ná padà fún un. Iná tí ilé bẹ́ẹ̀ kò bá jẹ mọ́, ará ìlú mìíràn á rí i lò. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Fáànù ni ẹlẹ́rìí. Wọ́n á gbé fáànù ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, wọ́n á fi ọ̀rá tó nípọn dí ìyókù ẹnu ọ̀nà náà pinpin, fáànù á wá máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé síta. Bí ilé bá ń jò, afẹ́fẹ́ ìta á máa gba ibẹ̀ wọlé láti rọ́pò èyí tó jáde, géèjì ara fáànù á sì sọ bó ṣe pọ̀ tó. Bí abẹ́rẹ́ géèjì bá bọ́ sísàlẹ̀ àmì pupa, ilé yege, owó dé. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ dúró gangan lókè àmì pupa, kò sì mira.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan gbogbo fèrèsé tuntun yìí, iṣẹ́ náà sì dára, ọ̀tá pàápàá kò lè bú u. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí nǹkan ṣòfò ni. Ìṣó tó bá wọ́, á lù ú títí yóò fi gún. Bí ọṣẹ bá kù bí èékánná, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ tuntun. Tíì tó bá kù nínú kọ́ọ̀pù àlejò, ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ni yóò dà á padà sínú kẹ́tùlù. Bí ó ti le tó nìyẹn, ṣùgbọ́n owó gíláàsì kọjá agbára rẹ̀. Ìyá wọn ló dìde, tó tú owó tó ti ń kó jọ fún ìsìnkú ara rẹ̀ láti ọdún tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

“Ẹ fi ra gíláàsì kí òtútù má pa mí,” ni ìyá náà wí. “Bí ìjọba bá dá a padà, ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un. Bí wọn ò bá dá a padà, ẹ tẹ́ mi sórí fèrèsé kan kẹ́ ẹ sin mí. Ó kéré tán, màá máa wo ìta.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń san owó ìrànwọ́, akọ̀wé kan ti sọ fún un pé owó náà ń tán lọ, ẹni tó bá tètè dé ni yóò bá a, bí oṣù yìí bá sì parí, òun ò fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni. Oṣù náà sì ń parí lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé náà, ihò kan sì ni. Nínú yàrá Ìyá, ní apá ẹ̀yìn ilé, hítà kan wà níbẹ̀ tó ń jó gáàsì. Bàbá wọn ló rà á. Kò ní páìpù tó ń gbé èéfín síta, afẹ́fẹ́ tí Ìyá ń mí ni òun náà ń mí. Nítorí náà ni bàbá náà ṣe dá ihò kan sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ihò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó fi wáyà asẹ́ bò ó nínú lóde kí aláǹgbá má baà wọlé. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, ihò náà á máa súfèé. Bàbá wọn pẹ̀lú máa ń súfèé bó bá ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tó ti kú, bí ihò náà bá ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá á ní, “Ẹ gbọ́, Baba yín ti dé.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní owó ìrànwọ́ kejì wà, tó kéré sí ti àkọ́kọ́, fún ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ irú hítà bẹ́ẹ̀ sí èyí tó ń fi páìpù mí láti ìta. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìyẹn. Bí hítà àtijọ́ bá ti kúrò, wọ́n lè wá dí ihò náà, ilé á sì yege láìsí wàhálà.

“Kí ló ṣe hítà Baba?” ni ẹ̀gbọ́n fi dá a lóhùn. “Ṣé kò jó mọ́ ni? A kì í sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ nù.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè dí ihò yẹn níwọ̀n ìgbà tí hítà bá wà níbẹ̀.”

“Ta ló ní màá dí i?”

Bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Báyìí, lórí àjà, ó ku igun kan fún un, lókè yàrá Ìyá gan-an. Bó ṣe ń ti òwú ìkẹyìn wọlé, ó gbọ́ ìró kan láti ìta, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: ṣíííììì. Ó dáwọ́ dúró. Ó mọ ìró náà. Fóòmù inú agolo ni, èyí tí wọ́n máa ń fún sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tó máa ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, tí á sì gan bí igi. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n ń tún etí fèrèsé fún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n pa hítà àti sítóòfù, nítorí iná kankan kò gbọdọ̀ máa jó bí fáànù bá ń ṣiṣẹ́. Ó tan fáànù. Ọ̀rá ẹnu ọ̀nà wú sínú, ilé náà kérora díẹ̀, gbogbo wọn sì kọjú sí géèjì. Abẹ́rẹ́ náà gòkè, ó mì, ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó kan àmì pupa, kò dúró. Ó bọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ó wá jókòó.

Ìyàwó pariwo. Ó di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́ra tòun ti òwú tó wà lára rẹ̀. “Ọwọ́ yín mà dára o! Ẹ̀yin lẹ fi àjà ṣe aya, kì í ṣe eku!”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó béèrè bí òwú àjà nìkan ṣe lè mú abẹ́rẹ́ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ì bá béèrè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹni kì í rùn sí ara ẹni. Ó gbà pé òun lòun ṣe é. Ó fi fóònù ya àwòrán géèjì, èyí tó máa fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì bí iṣẹ́ bá parí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá wò ó?”

Káfíńtà wà lẹ́yìn, níbi agbada ìfọwọ́. Ó ń fi kẹrosíìnì fọ àwọn ìka rẹ̀. “Mo gbọ́,” ló wí. Kò yíjú padà.

Wọ́n yọ fáànù, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níta, ó ń tẹ igi àgbàlá wá sílẹ̀, ó ń gbá ọ̀rá kiri ojú títì. Nínú ilé, kò sí ìró kankan. Kọ́tìnnì kò mì. Ilé náà dákẹ́ bí inú ìgò tí wọ́n dé lẹ́nu. Ìyàwó tan hítà padà fún Ìyá, ó sì ti ilẹ̀kùn yàrá náà kí ooru má baà jáde.

“Ẹ ò rí i bó ṣe yára gbóná,” ni ìyàwó wí nígbà tó padà dé. “Bí ẹni wà nínú àpò.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń ká wáyà. Ó ń gbá òwú tó já bọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi ara balẹ̀ ṣe é, nítorí ẹni tó bá fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kò tíì ṣe é tán. Ó ń gbọ́ tí ìyàwó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ilé ìdáná àti yàrá Ìyá, pẹ̀lú omi, pẹ̀lú oúnjẹ. Bó ṣe pẹ́ díẹ̀, ìyàwó wá jókòó lórí àga, ó di iwájú orí mú.

“Orí ń fọ́ mi. Ṣé ayọ̀ owó náà máa ń fọ́ èèyàn lórí ni?”

“O ò jẹun láti àárọ̀.”

“Ìyá náà ní orí ń fọ́ àwọn. Wọn ò fẹ́ jẹun. Oorun ni wọ́n ń sùn.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé orí sókè. Ó wo fèrèsé tó kọjú sí i. Gíláàsì tuntun náà ń làágùn nínú, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wá sílẹ̀ bí omijé. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun fẹ́ lọ kí Ìyá pé ó dàárọ̀.

Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá náà, ooru pàdé rẹ̀ lójú, ooru tó wúwo, tó lómi nínú. Iná kan kò tàn níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti hítà. Ó ti mọ iná hítà náà láti kékeré. Àwọ̀ aró ló máa ń ní, kúkúrú, á máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ehín ayùn. Iná tó bá níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ti pọ́n rúsúrúsú. Ahọ́n rẹ̀ gùn, ó ń rọra mì lọ mì bọ̀ bí ẹni tó ń táràrà wá nǹkan.

“Ìyá.”

Ìyá wà lórí ibùsùn, aṣọ bò ó dé àyà. Ojú rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọge, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìwọ nìyẹn?” Ohùn rẹ̀ ń fà. “Baba yín ò súfèé mọ́ o.”

“Kí lẹ wí, Ìyá?”

“Láti ọ̀sán. Ó dákẹ́.” Ó mí, ó pẹ́ kó tó mí òmíràn. “Bóyá ó ti wọlé.”

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọjú sí ihò ara ògiri náà. Ó tẹ́tí. Ó ń gbọ́ atẹ́gùn níta, ó ń ti igi, ó ń ti páànù òrùlé ilé kejì. Ihò náà kò wí nǹkan. Ó yọ igi èéfín tó fi ń wá ibi jíjò láti àpò rẹ̀, ó ṣáná sí i, ó gbé e síwájú wáyà asẹ́ tó bo ihò náà. Ó yẹ kí èéfín náà ṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá lójú. Kò ṣẹ́. Ó ń lọ sókè tààrà bí òwú ìránṣọ, láìmì, títí ó fi kan àjà tí òun fúnra rẹ̀ ti dí.

Ó pa hítà. Ó fo dé ibi fèrèsé, ó fà á. Kò ṣí. Ó tún fà á pẹ̀lú gbogbo agbára, ó wá rí fóòmù tó wú jáde ní gbogbo etí rẹ̀, tó ti gan. Wọ́n ti lẹ fèrèsé náà pa. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òun náà. Ó mọ ohun tó fa ìyẹn, èéfín hítà tí kò rọ́nà jáde ni, ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó lórí ibùsùn yẹn láti sinmi díẹ̀, òun kò ní dìde. Ó yí ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, ó fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá èjìká, ó pọ̀n ọ́n.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí pọn ìyá tó bí i jáde nínú yàrá bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ. Ní ọ̀nà inú ilé, ó pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Kí ló dé? Òtútù wà níta! Ibo lo ń gbé e lọ?”

“Ẹ kúrò lọ́nà!”

“Mo ní òtútù—”

“Ẹ ṣí ilẹ̀kùn! Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn!”

Níta, lórí àga onígi ní àgbàlá, Ìyá bì. Ó bì lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ́ kóòtù rẹ̀ fi bò ó, ó di í mú, ó ń sọ sí i létí pé kó máa mí, kó máa mí. Ìyàwó ti sá lọ ké sí aládùúgbò tó ní mọ́tò, nítorí mọ́tò akẹ́rù Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò ní ibi tí aláìsàn lè dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tí mọ́tò dé, Ìyá ti mọ ibi tó wà. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó wo fèrèsé tó ń dán lẹ́yìn wọn.

“Owó ìsìnkú mi lẹ fi rà á,” ló wí wẹ́rẹ́. “Ó wá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n san owó fún.”

Ìyàwó bá a lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí orí tirẹ̀ náà ṣì ń fọ́. Mọ́tò yí kọ́nà. Ó ku ọmọ ìyá méjì nínú àgbàlá.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mú irin àti òòlù rẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé, ó yọ wáyà asẹ́ ìta kúrò lójú ihò. Fóòmù ló kún ibẹ̀, ó gan dé inú. Wọ́n ti fi wáyà náà padà sípò lé e lórí dáadáa, ìṣó rẹ̀ gún régé. Iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà tó mọ iṣẹ́ ni. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ fóòmù náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. “Nítorí fáànù nìkan ni,” ló wí. “Mo ní kó ṣáà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Mo ní màá yọ ọ́ lọ́la.”

“Fóòmù tó ti gan. Ta ló ń yọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n?”

“Mi ò mọ̀ pé yóò yára tó bẹ́ẹ̀.”

“Mo sọ fún yín.”

“O sọ pé ó léwu. Ohun gbogbo ló léwu lẹ́nu rẹ. Ọ̀bẹ léwu. Àkàbà léwu. Hítà yìí ti wà kí wọ́n tó bí ọ, kò pa ẹnikẹ́ni.”

“Nítorí pé ilé ń jò ni kò ṣe pa ẹnikẹ́ni!” Ó yíjú sí i, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Gbogbo ibi tó ń jò yẹn ló ń gbà wá là. Èmi ni mo wá dí wọn. Mo dí àjà, ẹ dí fèrèsé, ihò yìí nìkan ló kù fún un. Agolo fóòmù kan ṣoṣo ni ì bá gba ẹ̀mí Ìyá lálẹ́ òní.”

Ó yí padà sí ihò, ó tún lu irin náà. Ègé fóòmù ìkẹyìn já, ó jábọ́ sínú yàrá, atẹ́gùn sì gba ibẹ̀ wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ihò náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún gbé fáànù padà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní òpin òótọ́ kò tíì parí. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó wálẹ̀, ó dúró lókè àmì pupa, díẹ̀ báyìí, bí ìbú ìṣó kan. Ó ya àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Àwòrán ti ọ̀sán ṣì wà nínú fóònù rẹ. Fi ìyẹn ránṣẹ́. Ihò ti ṣí, kò sí ewu mọ́, àwa nìkan la mọ̀. Owó ìsìnkú Ìyá ni, àbúrò mi. Owó náà ò ní kù bó bá di oṣù tó ń bọ̀.”

“Mo mọ̀. Díẹ̀ ló kù ká nílò rẹ̀ lónìí.”

Ó gbé fóònù sí ibi tí ẹ̀gbọ́n ti lè rí i, ó pa àwòrán ọ̀sán rẹ́, ó fi ti ìrọ̀lẹ́ ránṣẹ́. Ó ní bó bá di ọjọ́ tí ọ́fíìsì bá ṣí, òun yóò mú ìwé owó ìrànwọ́ ti hítà wá, kí ó fọwọ́ sí i. Bí hítà tuntun bá ti wọlé, wọ́n á dí ihò, wọ́n á tún pe fáànù. Bí owó bá ṣì wà, wọ́n á rí i. Bí kò bá sí mọ́, kò sí mọ́ náà nìyẹn.

Fóònù dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ni. Ó ní wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí Ìyá nímú, ojú rẹ̀ ti mọ́, ó sì ti ń bú nọ́ọ̀sì pé ọwọ́ rẹ̀ tutù. Wọ́n ní kó sùn síbẹ̀. Ọ̀la ló ń padà bọ̀ wálé.

“Sọ fún un pé kó wá sọ́dọ̀ mi,” ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

“Mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní ibùsùn wọn làwọn ń lọ. Wọ́n ní àwọn ò kú lọ́wọ́ ọmọ kan kí àwọn wá máa ṣàlejò lọ́dọ̀ èkejì.”

Ó pa fóònù. Ó wọ yàrá Ìyá lọ, ó yọ okùn rọ́bà lẹ́nu sílíńdà gáàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú hítà náà kúrò lára ògiri.

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mò ń gbé e lọ.”

“Hítà Baba?” Ẹ̀gbọ́n ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó fi èjìká méjèèjì kún un. “Kò sí ẹni tó máa gbé e jáde níbí. Fi sílẹ̀, màá tọ́jú rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù.”

“Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ yín. Bí òtútù bá mú Ìyá lẹ́ẹ̀kan báyìí, ẹ ó ní kí ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ṣiṣẹ́. Ẹ ó gbé e padà wá.”

“Bí òtútù bá wá pa á ńkọ́? Ìwọ lo máa jíhìn.”

“Òtútù máa ń jí èèyàn kó tó pa á. Èyí kì í jí èèyàn.”

Ó gbé hítà náà lé èjìká. Ó wúwo, irin rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ bí ara ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó ń rìn bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà, kò dẹsẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí irin kan án láyà, ẹ̀gbọ́n yẹ̀.

Ó gbé hítà sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó gbé fáànù lé e, ó ká ọ̀rá, ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé láti wá mú òòlù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sí etí ibùsùn Ìyá nínú òkùnkùn, ó kọjú sí ihò tó ń súfèé. Agolo fóòmù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mì ín sí etí, bí ènìyàn ṣe ń mi ẹyin.

“Ó ṣì kù díẹ̀ nínú rẹ̀,” ló wí, kò sì dájú pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. “Bí wọ́n bá ti ṣí i, tí wọn ò lò ó tán, gbígan ló máa gan. Òfò ni.”

“Ẹ sọ ọ́ nù, Ẹ̀gbọ́n.”

Ó tún mi agolo náà.

“Ó dàárọ̀.”

Ó mú òòlù, ó jáde. Atẹ́gùn ń gbá a lẹ́wù. Ó ń gbọ́ ìsúfèé náà lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe ń la àgbàlá kọjá, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn ṣe máa ń ṣe bí ayùn bá ń wọ igi dáadáa. Ó ṣí géètì. Ó ti í. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ nígbà tí ìsúfèé náà já.

Ó dúró. Ewé igi tó wà lókè orí rẹ̀ ṣì ń pariwo. Ọ̀rá kan ṣì ń sáré lọ lójú títì. Atẹ́gùn kò dáwọ́ dúró, ihò náà ni wọ́n ti tún dí.

Ó wo ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, níbi tí hítà bàbá rẹ̀ sùn sí lábẹ́ fáànù, tí okùn mú un pinpin. Ó na ọwọ́, ó tún okùn náà fà, ó rí i pé kò yẹ̀. Irú hítà náà pọ̀ ní ọjà, wọn kò sì wọ́n. Ó wọlé, ó ṣáná sí mọ́tò, ó wa á lọ.